Ilé Àdúrà tí Àwọn Obìnrin Kọ́

Kó tó di pé wọ́n ń pe ìyá mi ní Ìyá Àdúrà, àwo ló ń tà. Àwo tánganran àti ìkòkò ìsebẹ̀ ni òun àti bàbá mi jọ ń tà ní ọjà ìlú kan lápá òkè Kodifúà, níbi tí wọ́n bí mi sí. Ilé mùsùlùmí ni ìyá mi ti wá ní Èjìgbò, ilé oníṣòwò tí kò sí ọkùnrin inú rẹ̀ tí kò tíì gbé Àbíjàn rí. Onígbàgbọ́ ni bàbá mi ní tirẹ̀, ọmọ abúlé kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dí wọn lọ́wọ́ àtifẹ́ ara wọn. Lọ́dọ̀ wa, agbo ilé kan ṣoṣo ni ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jáde, ìyàwó a sì máa bá ọkọ rẹ̀ lọ.

Àìsàn tí kò pẹ́ rárá ló mú bàbá mi lọ. Lẹ́yìn tí a sin ín, oorun kọ ìyá mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa nínú ọgbà tí àwa Yorùbá ń gbé, á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ ṣàròyé. Kì í pariwo, kì í sì í fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Tí inú bá ń bí i sí Ọlọ́run, á sọ fún un pé inú ń bí òun. Obìnrin kan tí ilé ọkọ kò rọrùn fún gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá jókòó tì í, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun fi ọ̀rọ̀ tòun kún un. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn dé. Kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà wa kò fi gbà wọ́n mọ́.

Ogun ló lé wa wálé. Mo ti tó ọmọ tí wọ́n lè gbé ẹrù lé lórí nígbà náà. A gba Gánà, a gba Tógò, a gba Kútọnu, nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n to ènìyàn sí bí igi ìdáná, títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Gbogbo ọjà ìyá mi ló kù sọ́hùn-ún. Àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá mi fún wa ní yàrá kan ní abúlé wọn àti ilẹ̀ tí ìyá mi lè gbin ẹ̀gẹ́ sí. A rò pé ibẹ̀ ni a ó ti máa rọra jẹ ìwọ̀nba tí a bá rí, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ mọ̀ wá.

Àmọ́ ní abúlé yẹn àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọkọ wọn tàbí ọmọ wọn wà ní Kodifúà tí wọn kò gbúròó wọn mọ́ látìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé obìnrin kan ti ọ̀hún dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn kan ń ti Màsífà wá. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, bóyá ìyá mi rí ọkọ àwọn, bóyá ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò rí ọ̀kan nínú wọn. Kò sì parọ́ fún wọn. Á ní, “N kò rí i, ọmọ ìyá mi. Ṣùgbọ́n má tíì lọ.” Á wá di ọwọ́ obìnrin náà mú, á gbàdúrà. Ohun tó ń fún wọn nìyẹn nítorí pé kò ní nǹkan mìíràn tó lè fún wọn.

Bí ìjọ ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìran kankan tó rí, kò sí ohùn kankan tó bá a sọ̀rọ̀ lóko. Àwọn obìnrin tí ọkùnrin wọn sọnù ló wá jókòó sídìí igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé wa ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí oníkálukú tó gba oko lọ. Ìyá mi kò mọ ìwé, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì fún un. Á ní, “Ka ibi tí obìnrin yẹn ti ń sunkún tí àlùfáà rò pé ó ti mutí.” Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Tí mo bá kà á tán, á dákẹ́ díẹ̀, á sì bi àwọn obìnrin náà pé ta ló ní ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n a máa sọ ọ́. Mo jókòó láàárín wọn, mo sì gbọ́ ohun tí ọmọdé kì í gbọ́.

Òjò ló jẹ́ kí wọ́n ronú ilé. Olórí ẹbí bàbá mi yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún wọn létí títì. Láti ìgbà náà lọ, kò sí obìnrin tó ń bọ̀ láti odò tí kì í gbé iyanrìn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n pọn omi, wọ́n ṣètọ́jú oúnjẹ bíríkìlà. Àwọn ọkùnrin tó bá ń kọjá lọ á máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn àkọ́kọ́ ni yóò gbé ilé tí obìnrin kọ́ lọ. Nígbà tí ògiri ga tán, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi bò ó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Alhaji tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣòwò láàárín Èjìgbò àti Àbíjàn, ló gbé páànù wá lọ́jọ́ kan tí a kò retí rẹ̀. Ó dúró ní ìta, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń já ẹrù náà. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní kó dìde.

“Ilé tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run ni,” ó wí. “Ẹni bá ní páànù kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òjò pa wọ́n níbẹ̀.”

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń rántí tí mo bá fẹ́ dá ara mi lójú pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìyá mi á wọ aṣọ funfun, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á dúró níwájú, kò ní gbé ohùn sókè. Ó mọ ẹni tí kò jẹun, ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ nà lálẹ́ àná. Tí aboyún bá wá, yóò gbàdúrà fún un, yóò sì lé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ó máa ń sọ pé àdúrà kò bá abẹ́rẹ́ jà. Àwọn obìnrin mùsùlùmí náà ń wá, pẹ̀lú ìborùn lórí wọn, wọ́n a jókòó sẹ́yìn, wọn a sì ṣe àmín. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn.

Nígbà tí ilé kún, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Inú wa dùn. Àwọn kan nínú wọn ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yan àgbà láàárín wọn, tí àwọn àgbà náà sì ń ṣe ìpàdé. Ohun tí wọ́n mú jáde nínú ìpàdé ni pé ìjọ tí obìnrin dá sílẹ̀ kò ní ẹ̀yìn, pé ó yẹ kí a wọ abẹ́ ìjọ ńlá kan tí olú-ilé rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, kí wọ́n rán olùṣọ́ sí wa. Wọ́n wá bá ìyá mi nílé, wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo rò pé yóò kọ̀. Kò kọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó sọ fún mi pé òun kò lè wà títí ayé, àti pé ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa ṣí i fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn òun. Ohun tó fi gbà nìyẹn.

Olùṣọ́ tí wọ́n rán wá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi lọ́jọ́ tó dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó ṣàlàyé fún ìjọ pé nínú ìlànà ìjọ tí a wọ̀, obìnrin kì í gun orí pẹpẹ, kì í sì í wàásù fún ọkùnrin. Ó ní nítorí iṣẹ́ takuntakun tí Ìyá ti ṣe, a ó fi í joyè Ìyá Ìjọ. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kan síwájú, lápá ọ̀tún, wọ́n sì fà á jókòó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú ìyá mi, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó jókòó sórí àga yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń bá àdúrà àárọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ìyẹn ló ṣẹ́kù fún un. Títí àárọ̀ ọjọ́ kan tí a débẹ̀ tí a bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. A kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ṣèèṣì tì í ni. Ìyá mi ní kí n bá òun ká lọ sí ilé olùṣọ́, kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ó jáde sí wa tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Pásítọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì,” ìyá mi wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Òfin ìjọ ni. A kì í ṣe ìpàdé láìsí olùṣọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ sọ fún mi, màá wá darí yín.”

“Ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń sọ fún mi láàárọ̀, wọn kò lè sọ ọ́ létí yín.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún Ọlọ́run nílé wọn, Ìyá. Ọlọ́run wà níbẹ̀ náà.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ìyá mi kí i pé ó dàbọ̀, a sì padà. Àwọn obìnrin ṣì ń dúró de wa ní ìta. Ó ní kí wọ́n máa lọ sóko.

Kò jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kó wọn jọ sórí pèpéle níwájú ilé náà, wọ́n ń gbàdúrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí àwọn fúnra wọn rà. Olùṣọ́ kò bá wọn jà. Àwọn ọkọ wọn ló pè. Láàárín ìgbà díẹ̀, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà nílé kò wá mọ́, ẹni tí kò sì ní ọkọ nílé ń bẹ̀rù àna. Ìyá mi tọ àwọn àgbà ìjọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìyàwó rẹ̀ kò rí ọmọ bí fún ìgbà pípẹ́, tí ìyá mi gbààwẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí òun náà fi rù. Ọmọ yẹn ń ṣeré lágbàlá nígbà tí a wọlé. Bàbá rẹ̀ kò wo ojú wa.

“Ẹ ní sùúrù, Ìyá,” ó wí. “Ìjọ ti kọjá ti ẹnì kan.”

Lójú ọ̀nà, ìyá mi sọ fún mi pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ìjọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Ó tún rìn díẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí wọ́n gbé òun sí nínú rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń dákẹ́. Kì í kọrin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kàn la ìwé orin tí kò lè kà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Kò bá Ọlọ́run ṣàròyé láàárọ̀ mọ́. Mo máa ń jí, màá fetí sílẹ̀, n kò ní gbọ́ nǹkan kan láti yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìgbàgbé dé. Ó gbàgbé obẹ̀ lórí iná, ó gbàgbé ọ̀nà oko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé kí àwọn ènìyàn, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni bàbá mi yóò ti ọjà dé.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí n kò lè gbàgbé. Olùṣọ́ ń wàásù lọ́wọ́. Ìyá mi dìde lórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn líle, ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Faransé ni. Ẹnì kan lápá ibi tí àwọn obìnrin wà bú sẹ́kún, ó ní Ẹ̀mí ti padà bà lé Ìyá, pé èdè àjèjì ló ń sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Àwọn obìnrin tó gé búlọ́ọ̀kù ilé yẹn ń sunkún ayọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Olùṣọ́ pàápàá pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó tẹrí ba.

Ohun tí ìyá mi ń sọ ni pé, “Approchez, approchez, c'est du solide.” Ó ń pe oníbàárà kí wọ́n sún mọ́ ọn, ó ní ojúlówó ni ọjà òun, kì í fọ́. Àwo ló ń tà. Lójú tirẹ̀, ọjà ló wà, àwọn tó kúnlẹ̀ yẹn sì ni àwọn tó ń nájà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti gbé Àbíjàn rí wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ojú wa pàdé, ó sì yára wo ilẹ̀.

Mo lọ dì í mú kí n lè mú un jáde. Obìnrin kan fà mí láṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá sídìí igi àgbálùmọ̀ ọjọ́sí, ọkọ rẹ̀ kò sì padà wálé títí di òní.

“Ìwọ gbọ́ èdè náà,” ó wí. “Kí ni Ẹ̀mí sọ?”

Mo sọ fún un pé ó ti rẹ Ìyá, kó jẹ́ kí n gbé e lọ sílé. Ó dúró síbẹ̀ tó ń wò wá títí a fi yà.

Ìyá mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. Nígbà tó kú, wọ́n ti gbé olùṣọ́ àkọ́kọ́ kúrò, òmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ṣe ìsìn ìsìnkú. Ó wàásù dáadáa. Ó sọ nípa obìnrin oníwà rere tó tọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà Olúwa, tó jẹ́ aya olóòótọ́ àti opó tó ní sùúrù. Mo ń retí ibi tí yóò ti sọ pé òun ló dá ìjọ náà sílẹ̀. Kò débẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Àwọn àgbà ìjọ jókòó níwájú, wọ́n ń mi orí sí ìwàásù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò wọlé. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ igi ní ìta. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i lẹ́yìn ìsìn. Ó bi mí bóyá wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé àbúrò òun ló kọ́ ilé náà.

“Wọn kò sọ ọ́, Alhaji.”

Ó mi orí. Ó ní kí n bá òun pe ẹni tó wa òun wá, pé òun fẹ́ máa lọ sí Èjìgbò. Kò dúró jẹun.

Àwọn obìnrin mélòó kan wá bá mi lẹ́yìn tí a ṣe ogójì ọjọ́ tán. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí á máa pàdé ní fàráńdà mi láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Wọ́n ní èmi ni mo ń kàwé fún Ìyá, èmi ni ó kù fún wọn. Mo gbà. Mo tẹ́ ẹní, mo ka ibi tí obìnrin yẹn ti ń sunkún, mo dákẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń dákẹ́, mo bi wọ́n léèrè ẹni tó ní ọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí mo di ọwọ́ wọn mú tí mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú àmù tó ṣófo. N kò mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀, mo tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú omijé, n kò rí i. Ohun tí ìyá mi ní yẹn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jogún.

Bóyá wọ́n mọ̀, bóyá wọn kò mọ̀, wọn kò sọ fún mi. Wọ́n kàn ń dín kù. Ọmọ ẹnì kan ránṣẹ́ pè é sí Àbíjàn kó wá bá òun tọ́mọ. Ẹnì kan kú. Àwọn tó kù padà sí ìjọ títí ìjọ fúnra rẹ̀ fi tú, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní Èjìgbò, tó ní jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, olú-ilé kò sì rán olùṣọ́ wá mọ́. Tí òjò bá ń rọ̀ lásìkò yìí, inú ilé náà ni àwọn ará abúlé ń kó ẹ̀gẹ́ wọn pamọ́ sí. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, òórùn fùfú gbalẹ̀ níbi pẹpẹ.

Aboyún kan gun ọ̀kadà láti Màsífà wá sọ́dọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá rẹ̀ ló júwe ilé wa fún un, kò mọ̀ pé ẹni tó ń wá ti kú. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sí ilé ìwòsàn, a lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọmọ náà wà ní àlàáfíà. Nígbà tí a jáde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá mo mọ ibòmíràn tí òun ti lè rí obìnrin tí yóò gbàdúrà fún òun. N kò mọ ibì kankan. Ó tún dúpẹ́, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá ní Ọjọ́rú títí di àìpẹ́ yìí, ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di. Kì í gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ẹnu mi ló máa ń wò, tó bá ti rí i pé ẹnu mi dúró, á ṣe àmín. Ọmọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Èjìgbò báyìí. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo gbá fàráńdà, mo tẹ́ ẹní, mo jókòó. Kò sí ẹni tó wá, n kò sì rí àdúrà kankan gbà fún ara mi. Nígbà tí oòrùn dé orí ẹní, mo ká a, mo lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.